Ọmọ-Ogun Kò Gbọdọ̀ Di Àlejò ní Ìlú Ara Rẹ̀

Láìpẹ́ yìí ni méjì nínú àwa tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sọ fún wa pé bí àwọn bá ti yege nínú ìdánwò ìkẹyìn, iṣẹ́ ogun ni àwọn fẹ́ ṣe. Ọ̀kan ní òun yóò wá ọ̀nà wọ ẹ̀ka àwọn olùkọ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ilẹ̀ wa; èkejì ní ìbọn ni òun fẹ́ gbé, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn láàrin wa ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí agogo oorun sì tó lù, a ti pín sí apá méjì. Apá kan ní ẹni tí ó bá di ọmọ-ogun ti dágbére fún ọ̀rẹ́ àti ìbátan, pé kí a kà á mọ́ àwọn tí ó ti rìn lọ. Apá kejì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó mọ fàájì bí ọmọ-ogun, pé ijó rẹ̀ ń bẹ, ọtí rẹ̀ ń bẹ, owó oṣù rẹ̀ kì í sì í yẹ̀.

Èrò méjèèjì yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Èyí èkínní sọ ọmọ-ogun di òkú nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Èyí èkejì sì fi ariwo rọ́pò ẹgbẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ni, tí ó sì jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa ni yóò kọ́ àwọn ọmọ sójà ní ilé-ìwé lọ́jọ́ iwájú, ó yẹ kí a sọ èrò tiwa sí i ní gbangba. Èrò wa ni pé ọmọ-ogun lè sin ìjọba tọkàntọkàn kí ó sì ní ẹgbẹ́ nínú ìlú. Pé bí kò bá ní i, kì í ṣe òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Àti pé ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Kí ni a ń pè ní ẹgbẹ́? Àwa kò sọ̀rọ̀ ijó àti àríyá nìkan. Nígbà tí a bá ní ọkùnrin kan ní ẹgbẹ́, ohun tí a ń wí ni pé àwọn kan wà tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un láìwo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó mú nǹkan wá. Pé bí ó bá bímọ, wọn yóò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Bí ó bá ṣàìsàn, wọn yóò bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá sì ṣìwà hù, àgbà kan ń bẹ tí ó lè pè é jókòó kí ó bá a wí, tí òun náà yóò sì dọ̀bálẹ̀ gbọ́. Àwọn bàbá wa kò ṣèèṣì wí pé ènìyàn ni aṣọ ẹni. Ẹni tí ó wọ kaakí láti orí dé ẹsẹ̀, bí kò bá ní ènìyàn, ìhòòhò ni ó wà.

A kò gbọdọ̀ ṣàìjẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ogun yàtọ̀ sí iṣẹ́ yòókù. Àgbẹ̀ a máa ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Oníṣòwò a máa pa ọjà rẹ̀ dé. Àwa olùkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tí a óò yẹ̀ wò ń bá wa dé ilé, agogo ìparí a máa lù fún wa. Ṣùgbọ́n ọmọ-ogun kì í ṣe alágbàṣe tí ó ta wákàtí mẹ́jọ. Ọ̀sán àti òru rẹ̀ ni ó ti fi fún ìjọba. A lè jí i ní ọ̀gànjọ́. A lè ṣí i nípò kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Maiduguri kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́. Kò lè jáde kúrò ní ibùdó láìgba àyè, bí ó bá sì fẹ́ gbéyàwó, ó ní láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ó gba àṣẹ. Bí ẹlòmíràn bá ṣọ̀lẹ nípa ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yóò ṣì máa pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ní ọjà, ní ilé ìsìn. Bí ọmọ-ogun bá ṣọ̀lẹ nípa rẹ̀, kò sí ojú ọ̀nà tí yóò gbé bá ẹnikẹ́ni pàdé. Ohun tí ó ń wá bá ẹlòmíràn fúnra rẹ̀, òun ní láti mọ̀ọ́mọ̀ wá a kiri.

Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn bàbá wa léèrè, nítorí àwọn náà fi ogun ṣe iṣẹ́. Ní Ìbàdàn, ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829, akin lójú ogun ni ó ń sọ ènìyàn di olóyè. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn akin wọ̀nyí fi sílẹ̀ lọ? Agbolé ni. Títí di òní a ń dárúkọ ilé Ìbíkúnlé, ẹni tí ó jẹ́ Balógun nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní ọdún 1862, a sì ń dárúkọ ilé Ògúnmọ́lá. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé Balógun lọ sójú ogun, ara agbolé kan ni tàbí ẹni tí ó ti fara mọ́ agbolé kan. Ẹni tí ó sì pàṣẹ fún un lójú ogun náà ni ó ń parí ìjà rẹ̀ nílé. Ogun àti ẹgbẹ́ kò ya ara wọn.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jùlọ ni ti Kírìjì. Lẹ́yìn ìjà Jálumi ní Ìkìrun ní oṣù November ọdún 1878, àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ wá kojú ara wọn ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní ọdún 1885. A fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, síbẹ̀ ibùdó kò tú tán títí di ọdún 1893. Kí ni àwọn ọmọ-ogun ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Wọn kò jókòó ti ìbọn nìkan. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá oko, wọ́n ná ọjà. Aya wọn tẹ̀ lé wọn, a sì bí ọmọ fún wọn níbẹ̀. Nígbà tí wọn kò lè lọ sílé, wọ́n gbé ilé wá sí ibùdó.

Kí a má ṣe rò pé àwa ń yin ogun náà. Ó sọ ọ̀pọ̀ ìlú di ahoro, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ di ẹrú. Pẹ̀lúpẹ̀lú, ọgbọ́n tí wọ́n dá náà ní àléébù tirẹ̀: ọmọ tí a bí sí ibùdó ní ọdún 1880 ti pé ọmọ ọdún 13 kí ibùdó tó tú, orúkọ lásán ni ìlú bàbá rẹ̀ sì lè jẹ́ létí rẹ̀ títí di ìgbà náà. Nítorí náà ẹ̀kọ́ méjì ni Kírìjì kọ́ wa. Èkínní ni pé kò sí ogun tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè ṣe ẹgbẹ́ nínú rẹ̀. Èkejì ni pé ẹgbẹ́ inú ibùdó, bí ó ti wù kí ó dùn tó, kò tó láti rọ́pò ilé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé, irú ọmọ-ogun mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1863, nígbà tí Glover kó àwọn ọmọ-ogun Hausa jọ ní Èkó, ni ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Nàìjíríà ń kà gẹ́gẹ́ bí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Irú ọmọ-ogun yìí kò bá Balógun agbolé rẹ̀ jáde mọ́. A fi nọ́ńbà sí i lórúkọ, a sì fi í sí ilé tí ìjọba kọ́. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀ràn náà wá le jù. Àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ẹ̀ka 81 àti ti ẹ̀ka 82, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, ré òkun kọjá lọ sí Burma láti bá àwọn ará Japan jà. Àmì aláǹtakùn ni àwọn ti ẹ̀ka 81 ń wọ̀ sí apá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kan ilé fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Kí ni ó so irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ ní abúlé? Lẹ́tà ni. Ẹni tí kò mọ̀wé bẹ ẹni tí ó mọ̀wé nínú ibùdó kí ó kọ ọ́. Nígbà tí lẹ́tà sì dé abúlé, ìyá rẹ̀, tí òun pẹ̀lú kò mọ̀wé, mú un tọ tíṣà ilé-ìwé míṣọ́n lọ. Tíṣà ka á, ìyá sunkún, tíṣà sì jókòó kọ èsì. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa: iṣẹ́ àwa olùkọ́ ni láti ìgbà náà wá láti mú kí ọmọ-ogun má ṣe sọnù mọ́ ilé. Nígbà tí àwọn tí ó yè sì ń darí bọ̀, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kò tíì dá, ilé ni ó bọ́ sí. Ẹni tí kò kọ̀wé rí, àárín àwọn àjèjì tí ó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó bọ́ sí.

Àwọn kan yóò wí pé Ìwé Mímọ́ ta ko wa. Wọn yóò mú un wá sí ìrántí wa pé Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótíù pé ọmọ-ogun tí ó fẹ́ wu ọ̀gá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀ràn ayé yìí dí òun lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dí ni lọ́wọ́ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí ó ń gbé ni ró. Òfin Mósè fúnra rẹ̀ dá ọkọ ìyàwó sílẹ̀ kúrò nínú ogun fún ọdún kan gbáko kí ó lè mú inú aya rẹ̀ dùn. Nígbà tí àwọn ọmọ Jésè mẹ́ta wà lójú ogun, ṣebí bàbá wọn di àgbàdo yíyan àti ìṣù àkàrà fún Dáfídì kí ó gbé e tọ̀ wọ́n lọ, kí ó sì béèrè àlàáfíà wọn. Kọ̀nílíù ti Kesaríà, balógun ọ̀rún ni. Síbẹ̀ nígbà tí Pétérù dé ilé rẹ̀, ó bá àwọn ìbátan rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ tí ó ti pè jọ. Àjèjì ni ní ilẹ̀ náà, ọmọ-ogun sì ni, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rẹ́ tó láti kún ilé. Bí ó bá ti dá gbé bí ẹyẹ òru, àwọn wo ni ìbá bá a gbọ́ ìhìnrere lọ́jọ́ náà?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìgbà tiwa. A kò lè sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kò mọ̀ pé ènìyàn nílò ènìyàn. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọdún bá ń parí tàbí tí ọdún tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun a máa ṣe àjọ̀dún tí wọ́n ń pè ní WÁSÀ, níbi tí ọ̀gá àti ọmọ abẹ́, aya àti ọmọ, ti máa ń jẹ, tí wọ́n máa ń mu, tí wọ́n sì máa ń jó ijó ìlú olúkúlùkù. Ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni àti ti àwọn Mùsùlùmí ń bẹ nínú bárékè, àlùfáà tí ó wọ aṣọ ológun sì ń bẹ pẹ̀lú. Ọjà tí a ń pè ní máámì máàkẹ́ẹ̀tì, tí ìtàn sọ pé ìyá kan tí í ṣe aya ológun, Maria Ochefu, ni ó fi ògì títà bẹ̀rẹ̀ ní bárékè Abakpa ní Enugu, ti di ibi tí sójà àti ará ìlú ti ń jókòó pọ̀ jẹun káàkiri ilẹ̀ yìí. Gbogbo èyí dára.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ nínú rẹ̀, ewu náà sì ni pé ó tó ṣùgbọ́n kò tó. Nígbà tí ilé ìsìn wà nínú ọgbà, tí ọjà wà nínú ọgbà, tí ilé-ìwé ọmọ àti ilé ìwòsàn wà nínú ọgbà, kí ni yóò mú ọkùnrin kan jáde? Yóò lo ọdún mẹ́wàá ní Òjó tàbí ní Odógbó láìní ọ̀rẹ́ kan tí kì í ṣe sójà. Bẹ̀ẹ̀rẹ̀-bẹ̀ẹ̀rẹ̀ yóò di pé èdè àṣẹ nìkan ni ó ń sọ. Yóò máa pe ará ìlú ní orúkọ kan tí kò dára. Àwa gbà gbọ́ pé níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìyà tí sójà kan ń fi jẹ ará ìlú lójú ọ̀nà ti ń wá. Ẹni tí ó bá jókòó jẹun níbi ìsọmọlórúkọ ní àdúgbò kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, yóò ṣòro fún un láti kó pàṣán bo ọmọ àdúgbò náà lọ́jọ́ Ajé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì rẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà ìlú ni.

Ewu kejì wà nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí a lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọ̀kan nínú wa ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin kọ àròkọ lórí “Bàbá Mi.” Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ sójà ní òkè Ọya kọ ọ́ pé bàbá òun ga, pé ó ń fi owó ránṣẹ́ ní ìparí oṣù, pé ohùn rẹ̀ dùn nínú fóònù. Ibẹ̀ ni àròkọ náà parí. Olùkọ́ pè é wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní, “Oúnjẹ wo ni bàbá rẹ fẹ́ràn jù?” Ọmọ náà wo ilẹ̀ títí, ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n lọ bi ìyá mi.” Àwa tí a gbọ́ ìtàn yìí ní ilé oúnjẹ wa lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò ṣẹ̀. Owó rẹ̀ ń dé déédéé. Ṣùgbọ́n owó kì í sọ oúnjẹ tí ènìyàn fẹ́ràn fún ọmọ.

Bí a bá ti bá ọmọ-ogun wí báyìí, ó tọ́ kí a bá ará ìlú wí pẹ̀lú, àwa náà sì wà nínú wọn. Ọmọkùnrin kan tí a jọ jáde ní ilé-ìwé wọ iṣẹ́ ogun kí àwa tó wá síhìn-ín. Ní ọdún kẹta ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì wá sílé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ogun ènìyàn wá kí i, mẹ́tàdínlógún nínú wọn sì béèrè owó. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú pé kò wá síbi ìgbéyàwó àwọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì béèrè ibi tí ó wà lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn ní kí ó wá fi kaakí dẹ́rù ba ẹni tí wọ́n jọ ń jà nítorí ilẹ̀. Àwa fúnra wa jókòó tì í, a ní kí ó sọ ìtàn ogun fún wa. Kò fẹ́ sọ ọ́, a sì rò pé ó ń gbéra ga. Ní ọjọ́ kẹfà ó di ẹrù rẹ̀, ó ní a pe òun padà. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè é. Ó kàn rí i pé ọkàn òun balẹ̀ ní bárékè ju ilé ìyá òun lọ ni. Ojú ń tì wá títí di òní bí a bá rántí ọ̀ràn yìí. Àpò owó ni àwọn kan sọ ọ́ dà, kùmọ̀ ni àwọn kan sọ ọ́ dà, ìwé ìtàn ni àwa sọ ọ́ dà, kò sí ẹni tí ó bi í pé, “Báwo ni ara?”

Kí ni a wá lè ṣe? A fẹ́ dá a lábàá bí ó ti yé wa sí.

Èkínní, kí ọmọ-ogun fúnra rẹ̀ yan ènìyàn díẹ̀ kí ó sì di wọ́n mú. Kò lè lọ síbi gbogbo ìgbéyàwó, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kì í ṣe sójà, tí ó ń pè ní ọjọ́ kan pàtó láàrin oṣù, sàn ju ọgọ́rùn-ún tí ó ń rí nígbà ọdún. Kí ó ní ẹgbẹ́ kan ní ìlú rẹ̀ tí ó ń dá owó sí, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ ilé ìsìn tàbí ti èsúsú, kí orúkọ rẹ̀ máa jáde nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé orúkọ. Ibikíbi tí a bá gbé e lọ, kí ó kọ́ èdè ibẹ̀, ìbáà ṣe ìkíni nìkan; ẹni tí ó bá lè kí ènìyàn ní èdè rẹ̀ ti rí ibi jókòó. Kí ó sì ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ tí ọtí kó jọ, nítorí ọjọ́ tí owó bá tán ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tú.

Èkejì, kí ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ohun kékeré. Àwọn ọmọ-ogun ìgbà Burma ń dúró de lẹ́tà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lónìí fóònù wà lọ́wọ́ sójà ní ọ̀pọ̀ ibi. Kí ó má ṣe béèrè ipò tí ọmọ gbà nínú ìdánwò nìkan. Kí ó sọ ohun tí òun jẹ lọ́jọ́ náà, kí ó béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ tí ọmọ náà bá jókòó, kí ó sì rántí rẹ̀ nígbà tí yóò tún pè.

Ẹ̀kẹta, kí ẹbí rẹ̀ má ṣe fi ìnira nìkan pè é. Bí bàbá bá mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún láti ilé, owó ni, kò ní pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìró rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ìrókò ẹ̀yìnkùlé ti wó, pé ìyá àgbà ti tún bá alátaare jà, pé ọmọ ti yọ eyín. Ìwọ̀nyí ni okùn tí ó ń fa ènìyàn wá sílé.

Ẹ̀kẹrin, a fi ọ̀wọ̀ bẹ àwọn ọ̀gá ogun pé kí ìsinmi tí ó tọ́ sí ọmọ-ogun máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní àsìkò, kí a sì máa fi ẹlòmíràn rọ́pò àwọn tí ó ti pẹ́ lójú ìjà. Àwa kò mọ iṣẹ́ wọn jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọrun tí a kò dẹ̀ rí, ọjọ́ kan ni yóò kán.

Ẹ̀karùn-ún ni tiwa. Ọmọ sójà a máa dé ilé-ìwé ní àárín ọdún, nítorí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bàbá rẹ̀ nípò ni. Kò mọ orin tí a ń kọ, kò mọ ibi tí a dé nínú ìṣirò, kò sì ní ẹni tí yóò bá ṣeré. Olùkọ́ tí ó bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rere kan lọ́jọ́ kìn-ín-ní ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ilé náà, nítorí nípasẹ̀ ọmọ ni ìyá fi ń mọ ìyá, nípasẹ̀ ìyá sì ni bàbá fi ń mọ bàbá.

A mọ ohun tí a óò fi dá wa lóhùn. A óò ní ọ̀rọ̀ àwọn tí kò rí ogun ni èyí. Pé láti ọdún 2009 tí ọ̀tẹ̀ Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ní apá Ìlà-Oòrùn òkè Ọya, àwọn ọmọ-ogun wa ń wà nínú kòtò nínú oòrùn àti iyanrìn, wọ́n ń sin ẹlẹgbẹ́ wọn, a sì wá ń bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ. A tẹrí ba fún èsì yìí. Ẹni tí ó wà nínú kòtò kò lè ronú kan èsúsú. Ṣùgbọ́n nítorí ìyẹn gan-an ni a ṣe ń sọ ọ́. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń wá lọ́jọ́ tí ìbọn ń dún. Ìgbà tí ara rọ̀ ni a ń gbìn ín, kí ó lè so nígbà ìnira. Ẹni tí ó bá ti rí ikú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójúkojú, tí kò sì ní ẹnì kan tí ó lè jókòó tì ní ìdákẹ́jẹ́, ẹrù tí ó gbé wálé kò ní rọ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣùgbọ́n ó dára kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí yóò na aṣọ ìnujú síni.

Ní ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí a rántí pé iṣẹ́ ogun ní òpin. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ní ọmọ 20 ọdún lè ti fẹ̀yìntì kí ó tó di ẹni 60 ọdún, kí agbára sì ṣì wà lára rẹ̀. Ìjọba ní ibi tí ó ti ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ fẹ̀yìntì ní iṣẹ́ ọwọ́ ní Òṣòdì ní Èkó, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ kaakí. Ìṣètò rere ni. A ń kọ́ wọn ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n a kò lè kọ́ wọn ní ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún; kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ni ní ìyẹn fún oṣù díẹ̀. A ti rí àgbà tí ó kọ́ ilé ńlá sí ìlú rẹ̀ pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì, tí ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ènìyàn sì ń kọjá, tí wọ́n ń kí i pé, “Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, sójà.” Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri nìkan ni ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa méjèèjì, àwa kò ní dí yín lọ́nà. Iṣẹ́ ọlá ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Ní ọjọ́ 15 oṣù January lọ́dọọdún, gbogbo ilẹ̀ yìí ń ṣe ìrántí àwọn tí ó kú nínú rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ, ẹ sìn dáradára. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, a kò sì ní pa á rẹ́. Bí a bá kọ̀wé sí yín, ẹ fèsì. Bí ẹ kò bá fèsì, a óò tún kọ. Bí ẹ bá sì dé, kí ẹ bọ́ sí ilé wa tààrà. Àwa kò ní béèrè owó, a kò sì ní béèrè ìtàn. Omi tútù ni a óò fi lọ̀ yín, a óò sì béèrè àlàáfíà yín. Kí Ọlọ́run àwọn ọmọ-ogun, tí ó mọ ọ̀nà ìjáde àti ìwọlé gbogbo wa, dá yín padà wá bá wa láyọ̀. Àmín.